Mo Lọ Wá Ọjọ́ Ikú Bàbá Mi Dé Ìlárá

Ìyá mi ló jí mi lọ́jọ́ náà, kì í ṣe àkùkọ. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí kò tíì lù tí obìnrin tó ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún yìí ti wẹ̀, tó ti gbé àga sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, tó sì jókòó bí ẹni pé òun gan-an ló ń rin ìrìn àjò. Mo ní, "Màmá, ẹ ò sùn ni?" Ó ní, "Oorun ti kí ni? Gbọ́ mi dáadáa. Bí o bá débẹ̀, má wulẹ̀ bá wọn sọ òyìnbó ilé ìwé. Ọjọ́ ni kí o bi wọ́n. Ọjọ́ péré ni mo fẹ́."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọjọ́ náà kí n tó kúrò nílé. Bàbá mi, Dípọ̀ ọmọ Ìlaròó, wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi nígbà ogun abẹ́lé. Oyún mi wà nínú ìyá mi nígbà tó lọ, kò sì padà wá. Ogun parí, lẹ́tà kan dé pé wọn kò rí i mọ́. Kò sí ọjọ́ nínú lẹ́tà náà, kò sí ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ìyá mi kò wọ aṣọ ọ̀fọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó túfọ̀ ọkọ rẹ̀ fún un. Kò fẹ́ ọkọ mìíràn, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kò lọ́kọ mọ́. Láàárín méjì ló wà láti ìgbà náà, kì í ṣe aya, kì í ṣe opó. Èmi tí oyún mi wà nínú rẹ̀ ti ń múra àtifẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ báyìí.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe náà kò jìnnà sọ́rọ̀ yìí. Ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlaròó ni mo wà, èmi ni mò ń bójú tó àwọn ìwé àtijọ́. Mo ti ń kó ìwé àwọn ọmọ Yewa tó ṣe atukọ̀ lójú ogun jọ: lẹ́tà tí wọ́n kọ sílé, fọ́tò, ìwé tí ẹlòmíràn ń kọ nǹkan sí lójoojúmọ́. Mo ti lọ sí ilé àkọsílẹ̀ ìjọba rí, mo sì rí bàbá mi nínú ìwé ńlá kan níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ ọkọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: sọnù. Wọ́n fi rúlà fa ìlà síbi tó yẹ kí wọ́n kọ ọjọ́ sí, ìlà náà gún régé, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, olùkọ́ kan níbi iṣẹ́ wa tó jẹ́ ọmọ Ìlárá fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Ó ní bàbá kan wà ládùúgbò àwọn tí wọ́n ń pè ní Bàbá Nefì, ó ṣe atukọ̀ nígbà ogun, ó sì ń kọ ìwé lójoojúmọ́. Ọmọ bàbá náà ló ya ojú ewé kan ní kọ̀rọ̀. Mo wò ó: "Ọjà kẹsàn-án. Òjò. A fọ ọkọ̀." Mo pòṣé. Mo ní, "Ọjà wo? Níbo ni déètì wà? Ìwé tí kò ní déètì, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" Ẹ ò rí i bí ìmọ̀ ìwé ṣe ń sọ èèyàn di òpònú. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni olùkọ́ náà padà wá pé àìsàn ti dá bàbá náà gúnlẹ̀, àti pé òun ti bi wọ́n léèrè orúkọ ọkọ̀ tó ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ọkọ̀ bàbá mi ni.

Sùlé awakọ̀ ní aago márùn-ún lòun máa dé. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló dé, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà la dúnàá dúrà sí, àlọ àti àbọ̀, epo wà nínú ẹ̀. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni Sùlé, ọjọ́ orí rẹ̀ kò ní ju ogójì ó lé díẹ̀ lọ, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. A kò tíì kúrò nígboro tó ti bi mí ibi tí mò ń lọ ṣe, mo sì sọ fún un.

Ó pariwo. "Atukọ̀ kẹ̀? Ní Ìlárá? Ẹ̀gbọ́n, omi tó wà ní Ìlárá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewúrẹ́ méjì mu ún, ó tán! Àgbẹ̀ la mọ̀ níbẹ̀."

Mo ní, "Sùlé, wo iwájú ẹ."

Láti Ìlaròó dé Ìbèṣè, àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì ló ni ọ̀nà. Eruku funfun bo ewé gbágùúdá tó wà lẹ́bàá títì débi tó o fi máa rò pé ẹnì kan ló dìídì fi láfún kùn wọ́n. Láti ibẹ̀ dé Ìgbógìlà, ihò ń bá ihò sọ̀rọ̀. Sùlé mọ gbogbo wọn lórúkọ, ó ń pe ọ̀kan ní "Gómìnà". Aago mẹ́jọ kọjá ká tó dé Ayétòrò. A jẹ ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà níwájú ọjà, àkàrà kan ọgọ́rùn-ún náírà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kọ́bọ̀ là ń rà á, ó sì kún ọwọ́. Èyí tí mo jẹ lọ́jọ́ náà, ẹ má bínú sí mi, bí bọ́tìnnì ló rí.

Lẹ́yìn Ayétòrò, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́jú, igbó ń di ọ̀dàn. Àwọn obìnrin Fúlàní to wàrà sínú igbá lẹ́bàá ọ̀nà. Tiwa ní Ìlaròó, funfun là ń rà á ká tó lọ dín in nílé. Tibẹ̀ pupa ni, èèpo ọkà bàbà ni wọ́n fi ń sè é tó fi ń pọ́n bẹ́ẹ̀, wàgáṣì sì lorúkọ tí àwọn ará òdìkejì ibodè ń pè é. Mo ra ti ẹgbẹ̀rún kan náírà fún bàbá tí mò ń lọ bá. A kì í fọwọ́ lásán wọlé àgbà.

Okùn tí àwọn aṣọ́bodè ta sójú ọ̀nà pọ̀, mo kà á dé mọ́kànlá, mo dákẹ́. Sùlé mọ bó ṣe ń kí kálukú wọn. Ó kígbe sí ọ̀kan, "Bọ̀ǹjúù, sẹ́ẹ̀fù!" Faransé ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ẹ káàárọ̀, ọ̀gá". Ọ̀gá náà bú sẹ́rìn-ín: "Sùlé, Nàìjíríà la ṣì wà o!" Ó tú okùn sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n inú mi kò sí níbẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé àìsàn bàbá yẹn lè má dúró dè mí.

Ọ̀sán kù díẹ̀ kó pọ́n nígbà tá a dé Ìlárá. Ìlú jẹ́jẹ́ ni. Lórí àtẹ kan náà, náírà àti séfà, owó àwọn ará Bẹ̀nẹ̀, ni wọ́n fi ń ra búrẹ́dì gígùn. Kò sẹ́ni tí kò mọ ilé Bàbá Nefì. Wọ́n ní, "Ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ máa ń tutù nígbà gbogbo." Lóòótọ́, a dé, obìnrin kan ń fi ìgbálẹ̀ àti omi ọṣẹ fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Màmá Bọ̀sẹ̀ ni, ọmọ bàbá náà tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ gba apá ọ̀tún wọlé o, Bàbá ò ní gbà kí ẹ tẹ apá òsì, kò tíì gbẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ la gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́, bí wọ́n ṣàìsàn, bí wọ́n dìde. Ọkọ̀ ogun là ń gbé níbí."

Bàbá jókòó sórí àga, ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere. Síńgílẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀, wọ́n lọ̀ ọ́ débi tí ìlà rẹ̀ lè gé iṣu. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo gbé wàrà kalẹ̀. Mo sọ pé ilé ìkàwé kan ní Ìlaròó ni mo ti wá, pé mo gbọ́ nípa ìwé rẹ̀, pé a fẹ́ gbà á tọ́jú kí ikán má bàa jẹ ẹ́.

Ó ní, "Ikán ò lè jẹ ẹ́. Inú agolo bisikíìtì ló wà, pẹ̀lú káńfọ̀ àti ata gbígbẹ. Ó ti pé àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣeun. Èmi àtìwé yẹn la jọ ń wọlẹ̀."

"Ẹ̀yin àtìwé, Bàbá?"

"Mo ti sọ fún Màmá Bọ̀sẹ̀. Kí wọ́n gbé e sábẹ́ orí mi."

Ó tán. Mo rìn láti ìdájí, mo ka okùn mọ́kànlá, kí n wá gbọ́ pé sàréè ni ilé ìkàwé tí bàbá yìí yàn. Ni mo bá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo ní, "Bàbá, mo rí ojú ewé kan nínú ẹ̀ rí, mo sì fojú tín-ín-rín rẹ̀, nítorí n kò rí déètì. Kí ni 'ọjà kẹsàn-án'?"

Inú rẹ̀ dùn sí ìbéèrè náà, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi ni. Ọlọ́jà ni, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni ọjà wọn ń pé. Ọjọ́ tí mò ń lọ, ó ní, 'Mi ò mọ déètì òyìnbó. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ ọjà, kí n tó pàtẹ, màá gbàdúrà fún ọ. Ibi yòówù kó o wà, máa ka ọjà.' Mo ń kà á. Wọ́n á máa yìnbọn, màá sọ nínú mi pé, lónìí, ìyá mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀." Ó wá bi mí pé, "Ọmọ ta ni ọ́ ní Ìlaròó?"

Mo ní, "Ọmọ Dípọ̀ ni mí. Dípọ̀ tí ẹ jọ wà nínú ọkọ̀."

Màmá Bọ̀sẹ̀ tó ń gbé omi wá fún mi dúró sójú kan. Bàbá ní, "Kí lorúkọ rẹ?"

"Rẹ̀mílẹ́kún ni."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Láti ẹ̀yìn ọwọ́ náà ló ti sọ pé, "Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn."

Háà! Gbogbo ayé mi, mo rò pé nítorí bàbá tí kò dé ni wọ́n ṣe pè mí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìyá mi máa ń sọ ni pé àlejò kan ló fowó sílẹ̀ tó sì sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, òun ò sì mọ orúkọ rẹ̀. Bàbá ní kí Màmá Bọ̀sẹ̀ lọ gbé agolo náà wá. Ìwé ẹlẹ́yìn líle kan wà nínú rẹ̀, etí rẹ̀ ti pọ́n bí ewé tó gbẹ. Ó ṣí i láìwá a rárá, ọwọ́ rẹ̀ mọ ibẹ̀, ó sì nà án sí mi. Mo kà á:

"Ọjà kọkànlélógójì, ọ̀la rẹ̀. Dípọ̀ kú láàárọ̀ yìí. Láti etí omi ni ìbọn náà ti wá. Ọwọ́ mi ló kú sí. Ó ní kí n bá òun kí Àdùnní. A sin ín sábẹ́ ọ̀pẹ. Mi ò lè jẹun."

Àdùnní ni ìyá mi. Mo ṣí ewé lọ síwájú, ojú mi ti ń ṣú:

"Ọjà kẹtàdínláàádọ́ta. Wọ́n fún mi láyè, mo dé Ìlaròó. Mo bá ìsọmọlórúkọ. Àdùnní bí obìnrin. Wọ́n bu ìrẹsì fún mi. Mo jẹ ẹ́. Mi ò lè sọ ọ́."

Bàbá ní, "Sọ fún mi, Rẹ̀mílẹ́kún. Ta ló máa túfọ̀ ọkọ fún ìyá ìkókó, lójú àwo oyin àti iyọ̀? Ẹyin lohùn. Mo ní tí ọmọ bá pé ogójì ọjọ́, màá padà wá. Wọn ò fún mi láyè mọ́ títí ogun fi parí. Nígbà tó parí, mo dé Ayétòrò, mo yí padà. Lọ́dún kejì mo tún dé Ayétòrò, mo tún yí padà. Ojú ń tì mí. Ọdún wá ń gun orí ọdún."

Inú bí mi, n kò ní purọ́ fún yín. Mo ní, "Bàbá, ìyá mi ò wọ aṣọ ọ̀fọ̀ rí. Bí kẹ̀kẹ́ bá dúró níwájú ilé, ó máa ń yọjú lójú fèrèsé. Títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá!" Ohùn mi lọ sókè lórí aláìsàn, Màmá Bọ̀sẹ̀ sì fọwọ́ kàn mí léjìká. Bàbá kò gbèjà ara rẹ̀. Ó kàn ń sọ pé, "Mo mọ̀. Mo mọ̀." Mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo sì rántí pé ọwọ́ yẹn ni bàbá mi kú sí. Mo dì í mú. Àwa méjèèjì sunkún, Màmá Bọ̀sẹ̀ bá wa dá sí i, Sùlé tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà sì fi kọ́là nu ojú.

Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀, mo béèrè bíírò. Láti ọjà kọkànlélógójì dé ìkẹtàdínláàádọ́ta, ọjà mẹ́fà ni. Ọjọ́ mẹ́rin ló máa ń wà láàárín ọjà kan àti èkejì, nítorí bí àwọn baba wa bá ní márùn-ún, wọ́n ti ka ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún nìyẹn. Ọ̀la ọjà ló kú, mo yọ ọ̀kan. Wọ́n sọ mí lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, mo yọ méje láti dé ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Ó ku mẹ́rìndínlógún. Ọjọ́ ìbí mi wà lẹ́yìn Bíbélì ìyá mi, n kò lè ṣì í. Bí àgbà bá ní kó kà á, kó sì ka ọjọ́ àkọ́kọ́ mọ́ ọn, ìtàdógún gérégé ni bàbá mi fi ṣáájú ìbí mi kú. Mo kọ oṣù àti ọjọ́ náà sórí ìwé pélébé, mo fi han Bàbá. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn?"

Ó ti agolo náà sọ́dọ̀ mi. "Mú un lọ. Ẹ̀rù ìtìjú ló ń bà mí tí mo fi fẹ́ gbé e wọlẹ̀. Ẹ máa fi han àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n ti ìyá rẹ, má fi ìwé sọ ọ́ o. Ẹnu ni wọ́n fi ń túfọ̀. Ì bá ṣe pé mo lè rìn ni, èmi ló tọ́ sí."

Nígbà tá à ń bọ̀, agolo náà wà lórí itan mi. Aṣọ́bodè kan ní kí n ṣí agolo, ó tẹ imú bọ̀ ọ́ láti wo ohun tí mo kó, ata gbígbẹ sì gbà á, ó sín ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. N kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìwé ìjọba tó mọ rúlà fà ló wà lọ́kàn mi, àti ti ọmọ ọlọ́jà tó ń ka ọjà ìyá rẹ̀. Ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé kí n má ṣe pòṣé sí ìwé ẹnikẹ́ni mọ́ kí n tó béèrè bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe ń ka ọjọ́. Oṣù mẹ́fà ni mo fi àìmọ̀kan mi jẹ lára ọjọ́ ìyá mi, kì í sì í ṣe ẹni tó ní ọjọ́ púpọ̀ nílẹ̀.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tí mo dé. Ìyá mi wà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo jókòó tì í, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ní, "Màmá, ẹ rántí àlejò tó wá síbi ìsọmọlórúkọ mi?"

Kò jẹ́ kí n lọ jìnnà. Ó ní, "Ó ga, ó wọ aṣọ funfun. Mo bu ìrẹsì fún un, ó ń jẹ ẹ́, omi ojú rẹ̀ ń kán sínú àwo. Ó wá dìde, ó ní Rẹ̀mílẹ́kún. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo lọkùnrin yẹn wò? Ta ló kú nílé wa lọ́jọ́ náà?"

"Màmá! Ẹ ti mọ̀?"

"Mo gbé ọ lọ́wọ́. Bí mo bá bi í, á sọ ọ́, wọ́n á sì sọ pé ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ lẹkún wọlé. Mi ò bi í. Mo ní á padà wá sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Kò wá. Kò sẹ́lòmíràn tó wá. Èèyàn kì í sì í túfọ̀ fún ara rẹ̀." Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí ẹní bí àwọn opó ṣe máa ń nà án. "Sọ ọ́, Rẹ̀mí. Sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́."

Mo ní, "Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Dípọ̀ ọkọ yín ti kú." Mo sọ oṣù, mo sọ ọjọ́.

Igbe tí ìyá mi ké, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu rẹ̀. Igbe ọmọge tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọkọ rẹ̀ ni. Ó ń pè é, "Dípọ̀! Dípọ̀ mi o!" Àwọn ará ilé kejì sáré wọlé, omi ọbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n ní, "Kí ló dé? Ta ló kú?"

Mo ní, "Bàbá mi ni."

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn rọra béèrè pé, "Bàbá yín? Ìgbà wo ni?"

Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n ìyá mi kò jẹ́ kí n dáhùn. Ó gbé orí sókè lórí ẹní, òun fúnra rẹ̀ ló sọ oṣù fún wọn, tó sì sọ ọjọ́, ó wá tún bẹ̀rẹ̀ ẹkún rẹ̀.